Ẹ́ńjìnnì Dé Ṣáájú Oògùn

Ní ọdún 1832, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní Birkenhead, ní òdìkejì odò sí ìlú Liverpool. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 70, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 16 nínú ìṣirò ayé ìgbà náà. Irin ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé igi ni gbogbo ayé fi ń kan ọkọ̀ òkun. Alburkah ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òun ni ọkọ̀ onírin eléèéfín àkọ́kọ́ tó la agbami òkun kọjá, ibi tó sì forí lé ni Odò Ọya.

Macgregor Laird, ọmọ ẹbí tó ni ilé ìkanọkọ̀ náà, òun àti àwọn oníṣòwò Liverpool ló kó owó jọ fún ìrìn àjò yìí. Alburkah nìkan kọ́ ló lọ. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Quorra, ọkọ̀ onígi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 112, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 40. Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn dìde kò ju pé ọdún méjì ṣáájú, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì rìn títí dé Bùsà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ àjẹ̀, tí omi sì ń gbé wọn lọ títí wọ́n fi já sí etí òkun ní ilẹ̀ Nembe. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú wọn lẹ́rú, ọba Aboh gbà wọ́n sílẹ̀ fún owó ìràpadà, àwọn ará Nembe ló sì kó wọn dé òkun. Bí iyàn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà pípẹ́ ṣe parí nìyẹn: níbo ni odò yìí wọ̀ sí?

Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nembe mọ̀ ọ́n, Aboh mọ̀ ọ́n, Ìdàh mọ̀ ọ́n, àwọn Kede tí wọ́n jẹ́ ọlọ́kọ̀ láàárín àwọn Tápà náà mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni ọjà ń gba orí omi yẹn kọjá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí ẹrù bá ti dé ààlà, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n á sì gba owó orí rẹ̀. Ọ̀nà ìṣòwò tó ní òfin àti onílé ni Laird ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ̀ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú àwọn tó rán an, ilẹ̀ tí ẹnì kan kò tíì dé rí ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe. Bí omi bá ń hó nínú ìkòkò, tí a sì fi ọmọrí bò ó, ọmọrí á máa fò sókè-sódò. Omi lítà kan tó bá di ooru tán yóò fẹ́ gba àyè tó tó nǹkan bíi lítà 1,700. Bí kò bá rí àyè yìí gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò fi tipátipá wá a. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì sé ooru yìí mọ́ inú ìkòkò irin ńlá, wọ́n sì yọ̀ǹda ojú ọ̀nà kan ṣoṣo fún un: kó ti ọ̀pá irin kan síwájú, kó tún tì í padà sẹ́yìn. Ọ̀pá náà ló ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá méjì tó wà ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ọkọ̀, pákó tí wọ́n kàn mọ́ ara kẹ̀kẹ́ sì ń ṣe iṣẹ́ àjẹ̀. Ọkọ̀ oní-ìgbòkun kò lè ṣe ohun tí èyí ń ṣe. Atẹ́gùn kì í tó nǹkan láàárín igbó etí odò, odò a máa ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, ìṣàn omi sì ń dá ọkọ̀ padà. Ọkọ̀ eléèéfín ń kọjú sí ìṣàn, ó sì ń gòkè. Omi odò tún sàn fún un ju omi òkun lọ, nítorí iyọ̀ inú omi òkun a máa dì mọ́ inú ìkòkò náà títí á fi bà á jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ irú èyí ti ń ná odò Mississippi fún nǹkan bí ogún ọdún kí Alburkah tó gbéra.

Ṣùgbọ́n iná ni oúnjẹ rẹ̀. Èédú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tó nǹkan, bó bá sì ti tán, igi ló kù. Àwọn Kúrú, atukọ̀ láti etí òkun Liberia, ló máa ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àáké. Wọ́n á wọ inú irà dé orókùn, wọ́n á gé igi, wọ́n á là á, wọ́n á rù ú padà sínú ọkọ̀. Igi tútù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rí, igi tútù sì kún fún omi: iná á kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ gbẹ omi ara igi kó tó ráyè gbóná mọ́ omi inú ìkòkò. Nítorí náà, igi tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ gé lè jó tán láàárín ìwọ̀nba wákàtí, kí ọkọ̀ sì tún dúró. Nínú ìwé ìtàn, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ló máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, orúkọ àwọn Kúrú wọ̀nyí kì í sì í sí níbì kankan. Ó ń dùn mí. Ohun tó gbé ọkọ̀ wọ̀nyẹn gòkè Odò Ọya, apá wọn wà nínú rẹ̀ tó bí irin ṣe wà nínú rẹ̀.

Odò náà sì ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù Keje ni omi òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè, ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni ó máa ń kún jù ní agbègbè Lọ́kọ́ja, níbi tí Bẹ́núé ti pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi á fà kíákíá. Òkìtì iyanrìn tó wà lápá ọ̀tún lọ́dún yìí lè wà láàárín odò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan á dúró níwájú ọkọ̀, á máa ju okùn tó so òjé mọ́ lẹ́nu sínú omi, á sì máa kígbe bí ibú ṣe jìn tó. Pẹ̀lú gbogbo èyí, Quorra há sórí iyanrìn nígbà tí omi fà, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí odò tó tún gbé e.

Níbí ni ìdẹkùn náà wà. Ìgbà òjò nìkan ni ọkọ̀ ńlá lè rí omi tó tó o. Ìgbà òjò kan náà ni omi máa ń dúró síbi gbogbo, tí ẹ̀fọn sì máa ń pọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní 1832 tó mọ̀ pé nǹkan méjèèjì wọ̀nyí so kọ́ra.

Ibà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè. Nínú òyìnbó 48 tó bá ọkọ̀ méjèèjì wọ odò, 9 péré ló yè é. Richard Lander, tó bá wọn padà wá sórí odò náà, ọta ìbọn ló pa á ní tirẹ̀: wọ́n yìnbọn fún un nínú àwọn ẹsẹ̀ odò tó sún mọ́ òkun, ó sì kú ní erékùṣù Fernando Po ní oṣù Kejì ọdún 1834. Laird padà sílé pẹ̀lú àìsàn tí kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nígbà náà, nítorí pé ìgbàgbọ́ yẹn ló darí ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ní èémí búburú ló ń ti inú àbàtà jáde, pé ewé àti igi tó ń jẹrà ló ń tú u sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì fà á símú á ní ibà. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tó bá sùn lẹ́bàá àbàtà ń ṣàìsàn lóòótọ́, àbàtà sì ń rùn lóòótọ́. Ohun tó fara pa mọ́ fún wọn ni pé ohun mìíràn ń gbé inú àbàtà pẹ̀lú òórùn náà.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wá dìde ní 1841, afẹ́fẹ́ ni wọ́n dìhámọ́ra dè. Thomas Fowell Buxton, tó ń jà kí òwò ẹrú parí, ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn, kí oko àti ọjà rọ́pò òwò ẹrú. John Laird, ẹ̀gbọ́n Macgregor, ló kan ọkọ̀ onírin mẹ́ta: Albert, Wilberforce àti Soudan. Ọ̀gágun Trotter ni olórí wọn. Nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí Dókítà Reid ṣe. Abẹ̀bẹ̀ kan máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á darí rẹ̀ gba inú yàrá irin kan tí wọ́n kó oògùn apakòkòrò sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jẹ́ kó gba ojú ihò dé ibi tí àwọn èèyàn ń sùn. Owó ńlá ni wọ́n ná sórí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé sì ni. Ẹ̀rọ tó dára ni, fún àrùn tí kò gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé.

Láàárín oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ odò náà láti ẹnu Nun, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ odò náà. Ní Aboh, Obi Ossai, ọba ibẹ̀, wọ inú ọkọ̀ wá, Simon Jonas, ọmọ Ígbò tó ti Sierra Leone bá wọn wá, sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ṣe àdéhùn. Ní Ìdàh, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, ọba ibẹ̀, fún oko àpẹẹrẹ kan ní ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ohun gbogbo ń lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ibà bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn aláìsàn ti kún inú ọkọ̀ débi pé wọ́n ní láti kó ọ̀pọ̀ wọn sínú Soudan, kí ó gbé wọn padà sí òkun. Wilberforce tẹ̀ lé e. Albert nìkan ló tẹ̀ síwájú dé Ẹgà, ní ilẹ̀ Tápà, níbẹ̀ náà ni Trotter ti dùbúlẹ̀ àìsàn tí Ọ̀gágun Bird Allen náà sì dùbúlẹ̀.

Bí Albert ṣe padà wálé jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì í lò ti ṣubú lulẹ̀. Dókítà McWilliam, oníṣègùn ọkọ̀, bọ́ sídìí ìtọ́kọ̀: ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń wo ojú omi. Dókítà Stanger, tó jẹ́ pé ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ló mú un wá, mú ìwé kan nípa ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀, ó jókòó, ó kà á, ó bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbádùn bọ̀ díẹ̀ ní ìbéèrè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dáná. Àwọn ọmọ Áfíríkà inú ọkọ̀ ló ń dá igi sí iná, tí wọ́n ń di okùn mú, tí wọ́n ń wọn ibú omi. Wọ́n wa ọkọ̀ náà bọ̀ nínú odò tí omi rẹ̀ ti ń fà. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ òkun ni wọ́n pàdé ọkọ̀ Ethiope tí John Beecroft ń wà bọ̀ wá wò wọ́n, òun ló sì bá wọn gbé Albert dé òkun. Bird Allen kú ní Fernando Po.

McWilliam ka àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì kọ iye wọn sílẹ̀. Òyìnbó 145 ló wọ odò: ibà mú 130 nínú wọn, àwọn tó kú sì lé ní 40. Ọmọ Áfíríkà 158 ló wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tó le jù. Ibà mú 11 nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó pa.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ka èyí, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló yàtọ̀. Àmọ́ iye tí McWilliam kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń tọ́ka sí ibòmíràn. Àwọn tó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ni ibà mú láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé awọ ara ló ń dáàbò bo èèyàn, gbígbé ní ilẹ̀ òtútù kò ní mú un kúrò. Àlàyé tí a ní lónìí ni pé ọmọ tí ẹ̀fọn ń jẹ láti kékeré, tí kò sì kú, ara rẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń bá kòkòrò ibà jà díẹ̀díẹ̀. Àgbà á ṣì lè kó o, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á. Bí ó bá wá fi ọdún mélòó kan gbé ibi tí ẹ̀fọn yẹn kò sí, ẹ̀kọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ti London tàbí Houston wálé fún ọdún Kérésì tí wọ́n ń sọ pé ìbílẹ̀ ni àwọn, pé ibà kò lè ṣe àwọn ní nǹkan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn 11 yìí sọ́kàn kí wọ́n tó wọ bàálù. Ohun kan wà tí a ń jogún lóòótọ́, pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS kì í sábà kú ikú ibà. Ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, owó tí ìdílé ń san fún un lórí ọmọ SS sì wúwo.

Kí ni kuníìnì ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ó wà nínú àpótí oògùn. Èèpo igi kan láti orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ní 1820 sì ni Pelletier àti Caventou ní Paris ti ya ojúlówó oògùn inú èèpo náà sọ́tọ̀. Àwọn dókítà ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí aláìsàn bá ti dùbúlẹ̀ ni wọ́n ń fún un, díẹ̀díẹ̀ sì ni, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Aláìsàn tí kòkòrò ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún ń tú u dànù.

Thomas Thomson, oníṣègùn kan nínú ìrìn àjò 1841, ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń jẹ kuníìnì lójoojúmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó sì rí i pé àlàáfíà wà fún òun títí tí òun fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní 1846, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet. Alexander Bryson, oníṣègùn nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kó àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tó ń ṣọ́ etí òkun wa jọ, ó sì gbé ìwé jáde ní 1847 pé kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ kí ibà tó mú wọn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí odò yìí, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Oògùn kan náà ni, inú àpótí kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ọjọ́ tí wọ́n gbé e sẹ́nu.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kòkòrò ibà máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, á máa jẹ ohun pupa tó wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ náà jẹ́ májèlé fún kòkòrò fúnra rẹ̀, nítorí náà ó máa ń dì í pọ̀ kó má bàa pa á. Kuníìnì ni kì í jẹ́ kó rí i dì, májèlé á sì kún ibi tí ó ń gbé. Tí kuníìnì bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò tó pọ̀, díẹ̀ ni ogun náà á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ máa dá kuníìnì jẹ lójoojúmọ́ o. Ó máa ń mú etí hó, ó lè ba ọkàn àti ojú jẹ́ bó bá pọ̀ jù, oògùn tó sàn jù ú lọ sì ti wà. Ẹni tí ara bá gbóná, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lo oògùn tí dókítà bá kọ fún un pé.

Ní 1854, Macgregor Laird tún fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Pleiad ni orúkọ rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lábẹ́ omi lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń tì í, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́. Beecroft ló yẹ kó ṣe olórí, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù Kẹfà kí ọkọ̀ tó dé bá a, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ William Balfour Baikie, oníṣègùn tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Òyìnbó 12 ló wà nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà sì lé ní 50. Lójoojúmọ́ ni Baikie ń fún àwọn òyìnbó ní kuníìnì tí wọ́n pò mọ́ wáìnì, bó wù wọ́n, bí kò wù wọ́n. Wọ́n wọ odò ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, wọ́n yà sí Bẹ́núé, wọ́n gòkè rẹ̀ jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ eléèéfín kankan ti dé rí lọ. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò. Wọ́n wọ́ igi, wọ́n há sórí iyanrìn, ibà mú àwọn kan díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Baikie àti àwọn dókítà ìgbà rẹ̀ ṣì gbà pé èémí àbàtà ni. Oògùn ti ṣẹ́gun kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀tá.

Ọkùnrin kan wà tó rí 1841, tó sì rí 1854. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé dé Freetown. Ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò Pleiad jáde ní 1855. Ó kọ orúkọ àwọn ìlú àti èdè wọn sílẹ̀, ó kọ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà àti irú ìjọba tí wọ́n ń ṣe. Òun àti Simon Jonas àti irú wọn ló sọ ẹ̀rọ tó ń pariwo di ohun tí àwọn ará etí odò lè bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Dayspring gbéra ní 1857, Crowther tún wà nínú rẹ̀, ní ọdún náà ni ó sì dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha.

Dayspring kò padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìṣàn omi gbé e lu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Nǹkan bí ọdún kan ni àwọn tó yọ nínú rẹ̀ lò nínú àgọ́ létí odò kí ọkọ̀ Sunbeam tó wá kó wọn. John Glover, ọ̀kan nínú wọn, ló ń fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti wá ohun èlò. Àwọn ọmọ Haúsá tó kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n tẹ̀ lé e, di ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá tí ó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà ní Èkó, nígbà tí ó di aláṣẹ níbẹ̀. Ìlú Èkó ò tíì gbàgbé orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Èmi kò lè kọ nípa kuníìnì bí ẹni pé rere nìkan ló ṣe. Ìgbà tí ikú kò dí ọ̀nà mọ́, gbogbo ohun tí ikú ti ń dá dúró ló wọlé. Ilé ìṣòwò Laird wọlé sí Aboh, Onitsha àti Lọ́kọ́ja, ó fo àwọn ìlú tó ti ń jẹ lórí ọ̀nà ọjà náà kọjá, nígbà tí wọ́n sì bá ọkọ̀ rẹ̀ jà, ọkọ̀ ogun ni ó tẹ̀ lé e. Ní Èkó, ọkọ̀ ogun eléèéfín Bloodhound ti wà lára àwọn tó lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kejìlá 1851. Ní 1879, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn wó Onitsha. Ní 1886, ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Goldie gba ìwé àṣẹ ọbabìnrin, ó di Royal Niger Company, ó sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ará Nembe lórí odò tí àwọn baba wọn ti ń ṣòwò lórí rẹ̀. Ọba wọn, Koko, kó wọn dìde lọ sí ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa ní oṣù Kìíní 1895, wọ́n wó o, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbẹ̀san lára ìlú wọn. Àwọn ọkọ̀ tó gbé epo pupa jáde ló gbé ìbọn wọlé. Ẹní bá ń ṣe ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn kó má ṣe yọ èyí kúrò.

Ọ̀tá fúnra rẹ̀ wá yọjú níkẹyìn. Ní 1880, Laveran, dókítà ọmọ Faransé tó wà ní Algeria, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní oṣù Kẹjọ 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Pẹ̀lú ohun tí àwọn méjèèjì rí, ẹ jẹ́ ká tún wo ọkọ̀ Trotter. Bí ẹ̀fọn bá gbé kòkòrò ibà tó le jù síni lára lónìí, ẹ̀dọ̀ ni á kọ́kọ́ sá sí, ara kò sì ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ 9 sí 14 ni ó sábà máa ń gbà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n wọ odò láàárín oṣù Kẹjọ, ibà bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n ń bá Obi Ossai ṣe àdéhùn, tí gbogbo wọn rò pé ẹ̀rọ Reid ti gbà wọ́n là, kòkòrò náà ti wà nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Alẹ́ tí ọkọ̀ dúró sí etí irà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀fọn ló ń wọlé, kò sì gba inú yàrá irin tí wọ́n kó oògùn sí kọjá.

William MacGregor, tó di gómìnà Èkó ní 1899, jẹ́ dókítà. Ó ń pín kuníìnì, ó sì gbógun ti omi tó dúró ní àbàtà: òun ló gbẹ́ ọ̀nà omi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ní àsìkò yẹn, ojú irin ti ń kúrò ní Èkó lọ sókè. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de òjò kó tó lọ, iyanrìn kì í sì í gbé e há, díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù fi orí omi sílẹ̀.

Ibà kò bá ẹrù lọ. Lónìí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ń pa jù, nítorí ara wọn kò tíì kọ́ ohun tí ara àwọn Kúrú inú Albert ti mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21. Ìpínlẹ̀ méjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: Kebbi, níbi tí Odò Ọya ti wọ Nàìjíríà, àti Bayelsa, níbi tí Nun ti ń wọ òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ kan máa ń gbà á, àkọ́kọ́ nígbà tó bá pé oṣù márùn-ún. Àwọ̀n ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀ síbẹ̀.